Lẹbẹ Apá Òsì

Obìnrin kan wọ lífítì ní àjà kẹta, ìpẹ́ ẹja ló wọ̀ láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ìpẹ́ náà tutù lójú bí ewé àárọ̀, ó sì fi píìnì mú lẹbẹ ńlá kan mọ́ apá. Ọ̀sán Sátidé ni. Akọ̀wé méjì tó wà nínú lífítì wo ara wọn, wọ́n sì fọwọ́ bo ẹnu.

Lọ́yà kan tó ń ti àjà kẹsàn-án bọ̀ dúró ní igun, kóòtù dúdú lọ́rùn, àpò ìwé lọ́wọ́. Òun ò rẹ́rìn-ín. Lẹbẹ yẹn ló ń wò. Nígbà tí àwọn akọ̀wé bọ́lẹ̀ ní àjà kìíní, ó sún mọ́ obìnrin náà.

"Ẹ má bínú o," ó ní, "apá òsì kọ́. Àfi tẹ́ ẹ bá ti lọ́kọ."

Obìnrin náà wo apá ara rẹ̀. "Ẹ gbà mí! Dígí ló tàn mí jẹ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú píìnì, àfi bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dúró. "Ẹ dákun, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Òógùn bo lọ́yà. "Àbúrò mi ló máa ń wo eré yẹn."

"Kí ni wọ́n ń pe àbúrò yín lábẹ́ omi?"

"Akàn," lọ́yà ní, kó tó rántí pé òun lòun kéré jù nílé àwọn, òun ò ní àbúrò kankan.

"Akàn! Akàn tó máa ń bá gbogbo wa jà nítorí bí apá kẹrin eré yẹn ṣe parí? Ṣé ẹ̀yin nìyí?" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ò ní ẹ̀gàn nínú, lọ́yà sì rí i pé òun náà ti ń rẹ́rìn-ín.

Ìlú Abẹ́ Omi ni wọ́n ń pe eré náà, eré tẹlifíṣàn nípa àwọn èèyàn tó kó ìlú wọn lọ sísàlẹ̀ òkun. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dá a dúró, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ò gbà pé ó parí. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń péjọ sí gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ilé ìtàwé, wọ́n á ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, wọ́n á sì wo ohun tí wọ́n ti mọ̀ sórí. Oníkálukú ló ní orúkọ omi. Bó ṣe rí nínú eré ni wọ́n ṣe ń gbé lẹbẹ: ẹni tó ti ṣègbéyàwó sí apá òsì, àpọ́n sí apá ọ̀tún. Eyín àtọwọ́dá ni obìnrin yìí ń ṣe ní àjà kẹta. Ìṣáwùrú ni orúkọ omi tirẹ̀. Ní ti lọ́yà, orí fóònù nìkan ló ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́jọ, kò fojú hàn rí.

Aráyé ní wèrè ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀, ọ̀gá lọ́yà yìí, àgbà agbẹjọ́rò, a máa kun ikùn rẹ̀ ní àwọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ràn, a sì máa sunkún ní gbangba bí wọ́n bá na ẹgbẹ́ náà nílé. Ìyẹn, wọ́n ní ó nífẹ̀ẹ́ eré ìdárayá ni. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń ṣe nǹkan, ó di àṣà. Bí díẹ̀ bá ń ṣe é, ó di àìsàn. Kí ẹ má sì rò pé àwọn ará abẹ́ omi fúnra wọn mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń fi àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo eré náà láti apá kejì ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́yà bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà. Inú àpò ìwé ló ń kó ìpẹ́ sí, kì í sì í yọ ìbòjú.

"Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí," Ìṣáwùrú a máa wí, "tìrẹ ti fẹ́ẹ̀ yọ bọ́ sílẹ̀."

Nígbà mìíràn, lọ́yà máa ń bẹ̀ ẹ́ wò níbi iṣẹ́ rẹ̀. Á bá a níbi tó ti ń fá eyín kan bẹ́ẹ̀, ìyẹ̀fun funfun yóò ti bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgunpá.

"Rẹ́rìn-ín kí n wò," ó ní lọ́jọ́ kan. Lọ́yà rẹ́rìn-ín. "Eyín ẹ dáa, mi ò ní nǹkan tà fún ẹ."

"Ojú mi ńkọ́?"

"Ojú ẹ ló ń sá kiri."

Òótọ́ ni. Síbẹ̀ lọ́yà fẹ́ràn Ìṣáwùrú, òun náà sì fẹ́ràn lọ́yà, ìdí nìyẹn tí Ìṣáwùrú fi gbà láti lọ kí ìyá lọ́yà. Ìyá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, àmọ́ ilé ìwé ò tíì kúrò lára rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, ìfẹ́ mi, má dárúkọ abẹ́ omi o," lọ́yà bẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà. "Tó bá yá, èmi fúnra mi á sọ fún wọn."

"Ìgbà wo ló máa yá?"

Lọ́yà yára kan ilẹ̀kùn ilé.

Bí ìyá ṣe ṣílẹ̀kùn, òun àti Ìṣáwùrú dá ara wọn mọ̀. Oṣù tó kọjá ni ìyá jókòó sí àjà kẹta, ẹnu là sílẹ̀, tí ọmọbìnrin yìí ń wọn èrìgì rẹ̀. Gbogbo eyín òkè rẹ̀ ló ti yọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ wà ní kóòtù ló yàn láti wá. Ojú ìyá ń bẹ̀bẹ̀ báyìí.

"Ẹ káàsán mà," Ìṣáwùrú ní. "Ọmọ yín ti ròyìn yín fún mi títí. Ilé yín rèé?"

Ara tu ìyá. Ó bu tíì fún wọn, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ohun gbogbo ń lọ dáadáa, títí ó fi mú ìwé ìròyìn lórí tábìlì. Fọ́tò àwọn ará abẹ́ omi wà lójú ìwé, nínú ìpẹ́ àti ìbòjú.

"Ẹ wo àwọn àgbàlagbà! Ta ló bí wọn ná? Kí ni wọ́n ń wí fún ìyá wọn?"

Lọ́yà rẹ́rìn-ín. "Orí wọn ló dàrú, Mọ́mì. Ẹ má dá wọn lóhùn."

Ìṣáwùrú gbé ife sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ó dùn ún wọ egungun. Ó dúpẹ́, ó sì dìde.

"Ṣebí a ti jọ sọ ọ́ pé a máa dákẹ́ ni," lọ́yà ní, nígbà tó lé e bá níta.

"Mo dákẹ́. Ìwọ ò dákẹ́, ńṣe lo rẹ́rìn-ín. Màmá ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bú. Ìwọ mọ̀."

"Olólùfẹ́ mi..."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ ní kọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́ tó o bá lè pè mí bẹ́ẹ̀ lójú ayé, kó o wá pè mí."

Láti ọjọ́ náà, àtẹ̀gùn ni lọ́yà ń gbà, láti ìsàlẹ̀ dé àjà kẹsàn-án, kó má bàa pàdé rẹ̀ nínú lífítì. Ó rù. Kò dé gbọ̀ngàn mọ́, kò sì lè wo eré náà nílé, torí ohùn Ìṣáwùrú ló ń gbọ́ níbi gbogbo tó ti máa ń rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ yẹn dà?" ìyá bi í lọ́jọ́ kan. "Kí lo fi ṣe é?"

Lọ́yà wo ilẹ̀. "Mọ́mì, àwọn tẹ́ ẹ bú nínú ìwé ìròyìn, ó wà lára wọn. Èmi náà wà lára wọn. Ó ti pẹ́."

Ìyá ki ọwọ́ bọ ẹnu, ó yọ eyín òkè rẹ̀, ó sì gbé e sórí tábìlì níwájú ọmọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ di ti arúgbó lójú kan náà.

"Òun ló ṣe é," ó ní, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já geere. "Mo jókòó síbí, mò ń bú u, eyín tó ṣe fún mi ni mo sì fi ń bú u. Kò tú àṣírí mi. Ìwọ bá mi bú u." Ó dá eyín padà sẹ́nu. "Dìde. Lọ bẹ̀ ẹ́."

Àárọ̀ Mọ́ńdè, lífítì kún. Ọ̀gá wà níbẹ̀, àwọn akọ̀wé méjì náà wà níbẹ̀, lọ́yà sì wà láàárín wọn nínú ìpẹ́ ẹja, láìsí ìbòjú.

"Ṣé kò sí nǹkan?" ọ̀gá bi í.

"Kò sí, sà. Ará abẹ́ omi ni mí."

Ọ̀gá la ẹnu. Bóyá ikùn ara rẹ̀ ló rántí o, n kò mọ̀, ó pa á dé.

Ilẹ̀kùn fẹ́ padé nígbà tí Ìṣáwùrú sáré wọlé. Ó wo lọ́yà láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ sì dúró sí apá rẹ̀.

"O ṣì í gbé," ó ní, jẹ́jẹ́. "Dígí tàn ẹ́ jẹ."

"Dígí kọ́, olólùfẹ́ mi." Lọ́yà ò rẹ ohùn sílẹ̀, gbogbo wọn ló gbọ́. "Ojú ìyá mi ni mo ti ṣẹ̀ ẹ́, mo ti jẹ́wọ́ fún wọn. Mo mọ apá tí mo gbé e sí. Bó o bá ní kí n gbé e padà sí ọ̀tún, màá gbé e."

"Kí ni ti apá òsì?" akọ̀wé kan béèrè.

"Ẹni tó bá ti níyàwó ló ń gbé e síbẹ̀," Ìṣáwùrú ní.

"Ṣé wọ́n ti níyàwó ni?"

Lífítì dé àjà kẹta, ilẹ̀kùn ṣí. Ìṣáwùrú ò bọ́lẹ̀. Ó ń wo lẹbẹ tí ọwọ́ ọkùnrin rán, tó ti fẹ́ já. Ó yọ píìnì kan lára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi mú un mọ́ apá òsì, kó dúró dáadáa.

"Wọ́n ti ní," ó ní, ilẹ̀kùn sì padé, wọ́n jọ gòkè lọ.