Àwọn Tó Dáhùn Nínú Igbó Dacula

Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó wakọ̀ lọ sí Dacula, lẹ́bàá Atlanta. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀.

Igbó ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, lẹ́yìnkùlé Oyèkànmí. Kọ́ńpìnì kan fẹ́ gé e lulẹ̀ kọ́lé. County, ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ní bí ẹranko bá ṣì ń gbé ibẹ̀ títí di ọjọ́ ìpàdé, wọn ò ní fọwọ́ kan igi kankan. Ni Oyèkànmí àtàwọn aládùúgbò bá so kámẹ́rà mọ́ igi, pẹ̀lú Joanna, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, àti Eli, olùṣọ́ igbó tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Muscogee. Àwọn baba ńlá Eli ló ni ilẹ̀ náà kí wọ́n tó fìbọn lé wọn lọ sí Oklahoma. Ní báyìí, káàdì àlejò ni kọ́ńpìnì ń fún un kó tó wọ̀ ọ́.

Òfin kan ṣoṣo ni Eli ṣe: "Ẹni tẹ́ ò bá rí nínú igbó yìí, ẹ má bá a sọ̀rọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kùrukùru bolẹ̀. Oyèkànmí lọ pààrọ̀ bátìrì kámẹ́rà. Ó gbọ́ ìró ọkọ́ lódìkejì odò. Gbì. Gbì. Gbì. Ọmọ Yorùbá wo ló máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọjá tí kò ní kí i? Ẹnu rẹ̀ ti ṣáájú òfin.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ọkọ́ dúró. Ẹyẹ dákẹ́. Ìró mọ́tò ojú títì pàápàá dákẹ́. Wọ́n wá dáhùn, láti ọ̀tún, láti òsì, láti abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, jẹ́jẹ́:

"Oòò."

Ẹsẹ̀ bàtà kan ló wọ̀ délé.

"Dádì Praise, ta ló fi yín joyè olùkíni inú igbó?" Fúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ni."

"Ẹ̀yin náà níṣẹ́. Ẹ ti pẹ́ sí shift."

Kámẹ́rà ya ohun tó tẹ̀ lé e: àgbọ̀nrín, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ehoro, wọ́n tò tẹ̀léra, wọ́n ń jáde nínú igbó. Ọ̀kan ò lé èkejì. Láti ìgbà náà, ewé nìkan ló ń yà.

Eli wo fọ́tò náà títí.

"O bá wọn sọ̀rọ̀?"

"Mo kí wọn ni."

"Wọ́n dáhùn?"

"Wọ́n dáhùn."

"Wọ́n tó mélòó?"

Oyèkànmí ní wọn ò ṣeé kà. Eli bọ́ káàdì àlejò lọ́rùn, ó fi sórí tábìlì, ó wakọ̀ lọ.

Níbi ìpàdé, lọ́yà kọ́ńpìnì béèrè pé ẹranko dà. Fọ́tò ewé nìkan ni Joanna rí fi hàn. Katapílà wọlé.

Wọ́n da kọnkéré ilé àkọ́kọ́. Kílẹ̀ tó mọ́, ipasẹ̀ ẹranko ti kún un. Gbogbo wọn ń wọlé. Joanna kúnlẹ̀, ó ń wá èyí tó jáde. Kò rí ọ̀kan. Ó pe county. Wọ́n ní àkókò ti kọjá. Àwọn lébìrà fi símẹ́ǹtì bò ó.

Akínbọ̀dé, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ló ra ilé náà. Oyèkànmí rí i lẹ́yìn ìsìn.

"Akín, ilé tuntun ńkọ́?"

"A dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ilé dáa. Pálọ̀ nìkan la kì í wọ̀."

"Kí ló dé?"

Akínbọ̀dé wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀.

"Ó ti kún, sà."