Orúkọ Tí Màámi Kò Pè

Inú ló kọ́kọ́ bí mi sí Láwàlì kí ìfẹ́ tó dé. Àwọn kan ń sọ ọ́ kiri pé bí mo ṣe fojú kàn án ni ọkàn mi fà sí i. Irọ́ ni.

Àrùn ọkàn ló gbé Màámi dé ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò sì lè mí dáadáa. Mo sáré dé láti ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi ní ọjà Odawna, ní Accra níbí, mo bá nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan, Láwàlì, tó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tó mú bírò dání.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, bó bá di ọjọ́ kan tí ẹ ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, kí ni ẹ fẹ́ ká ṣe fún yín?"

Mo já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ìwọ Oníbéèrè yìí, ṣé o fẹ́ rán ìyá mi lọ sọ́run ni? Oògùn ni wọ́n ní kí o fún un, ikú lo wá ń bi í!"

"Sister, mepa wo kyɛw," ó ń bẹ̀ mí, "mi ò pe ikú. Tá a bá kọ ohun tó fẹ́ sílẹ̀ báyìí tó ṣì lè sọ ọ́, ẹlòmíì ò ní bá a sọ ohun tí kò sọ."

Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀. Anago, Yorùbá bíi tiwa, ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Afua, ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, Akan tó ń sọ Twi ni.

Màámi gbọ́wọ́ sókè sí mi. "Fàdílátù, jẹ́ kó béèrè. Wọn ò gbọdọ̀ ki rọ́bà ẹ̀rọ tó ń báni mí bọ̀ mí lọ́nà ọ̀fun. Mo rí i lára àbúrò mi, kò lè dágbére fún ẹnikẹ́ni títí ó fi lọ. Ilé wa ní Alajo ni kí ẹ gbé mi lọ, sórí bẹ́ẹ̀dì mi, níbi tí mo ti ń gbọ́ ohùn ladáàni."

Ara Màámi yá díẹ̀, a gbé e lọ sílé. Ni Láwàlì bá bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní Odawna. Ó ra aṣọ fún ìyá rẹ̀. Ó tún padà wá ra òmíràn fún àǹtí rẹ̀. Nígbà tó tún dé, ó ní ti àǹtí mìíràn ni.

"Àǹtí mélòó lo ní gan-an?"

"Bí aṣọ rẹ bá ṣe pọ̀ tó."

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín. Ó wá di ẹni tó ń gbé wáákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà, wá fún mi lọ́sàn-án, tó ń pè mí ní ààyò rẹ̀ níṣojú àwọn oníbàárà. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Oníbéèrè ni mo ṣì ń pè é.

Kò pẹ́ tí àìsàn náà tún fi gbé Màámi padà sí ilé ìwòsàn. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà ní kí wọ́n tó tẹ̀ lé ohun tí Màámi sọ, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orí rẹ̀ ṣì pé láti ṣèpinnu. Láwàlì ni wọ́n ní kó bi í léèrè, torí òun ló gbọ́ Yorùbá. Ọjà ni mo wà.

Nígbà tí mo dé, Mutala, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta fóònù ní Circle, dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

"Wọ́n ní orí Màámi ò pé mọ́. Èmi ni mo máa bá wọn sọ̀rọ̀ báyìí. Bí èémí rẹ̀ bá fẹ́ dákẹ́, kí wọ́n so ẹ̀rọ tó ń báni mí mọ́ ọn."

"Ṣùgbọ́n ó ní òun ò fẹ́!"

"Ṣé kí àwọn ará wa ní Ṣakí máa sọ pé ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ló kawọ́ gbera tó ń wò ó níran?"

"Ta ló ní orí rẹ̀ ò pé?"

"Bi ọ̀rẹ́kùnrin rẹ."

Mo kọ́kọ́ lọ bá Màámi. Ó ṣe ṣìọ̀. "Ọmọ yẹn ò lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kí n pe bàbá yín lórúkọ."

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Mo bá Láwàlì ní kọ́rídọ̀.

"Ìyàwó ilé wo ló ń pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Bàbá ti kú, àwa ọmọ ò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu Màámi rí!"

"Ei!" Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Mo bi í títí, fèrèsé ló ń wò. Mo bi í ní orúkọ àbúrò bàbá yín tó wá kí i, ó ní Ìbàdíàràn. Rísíkátù sì ni obìnrin yẹn sọ fún mi."

"Orúkọ tó fún un nígbà tó wọlé ọkọ nìyẹn!"

"Maame mi ń pe Daddy lórúkọ tàárọ̀ talẹ́. Mi ò mọ̀, ààyò mi."

"Má pè mí ní ààyò. Lọ sọ fún dókítà."

"Dókítà ti fọwọ́ sí i. Kò fẹ́ kí wọ́n máa yí ìpinnu òun padà."

"Ṣé dókítà ló fẹ́ fẹ́ mi ni?"

Ìyà ló jẹ mí lẹ́yìn ìyẹn. Dókítà ní kí n rí olórí nọ́ọ̀sì, olórí nọ́ọ̀sì ní kí n dúró de dókítà. Mutala ní bí mo bá tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Èémí Màámi sì ń kúrú sí i. Láwàlì ń pè mí lórí fóònù, mi ò gbé e. Kí ni mo fẹ́ bá a sọ? Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń bínú sí i.

Àfi bí Láwàlì ṣe wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tòun ti dókítà àti Mutala tó ti lọ bẹ̀ kí wọ́n wá gbọ́. Ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì.

"Màámi, mo ṣì í bi yín ni. Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀rọ yẹn, kí ni iṣẹ́ rẹ̀?"

"Á máa bá mi mí."

"Bí ẹ ò bá gbà á ńkọ́?"

"Mo lè kú. Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà. Alajo ni mo fẹ́ wà."

Láwàlì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí Twi fún dókítà bí ó ti ń lọ. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí ni ẹ máa ń pe Bàbá?"

Màámi rẹ́rìn-ín músẹ́. "Adúmáadán."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ fún mi?"

"O ò bi mí ní ohun tí mò ń pè é. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lo bi mí."

Dókítà fa igi lé ohun tó kọ́kọ́ kọ, ó sì kọ ọ́ pé orí Màámi pé. Mutala kojú sí ògiri, ó ń sunkún. "Màámi, ẹ̀rù yín ló ń bà mí."

"Mo mọ̀, ọkọ mi. Gbé mi lọ sílé."

A gbé e lọ sí Alajo. Láwàlì ń wá wò ó níbẹ̀, ó ń fún un lóògùn tí ara fi ń dẹ̀ ẹ́. Màámi gbọ́ bí mo ṣe ń kígbe mọ́ ọn pé, "Oníbéèrè, gbé omi wá!"

"Ṣé o ti fún un lórúkọ?" ó bi mí. "Ó dáa. Má pè é ní Láwàlì mọ́."

Ìdájí ọjọ́ Jímọ̀ ló lọ, bí ladáàni ti ń pèrun. Ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ó sì ti dágbére fún wa. Nígbà tí a ṣe yìgì, Mutala fúnra rẹ̀ ló fà mí lé Láwàlì lọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ forúkọ oyún sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ọmọdébìnrin kan bi mí ní orúkọ ọkọ mi. Mo la ẹnu. Mo tún pa á dé. Mo wo fèrèsé.

"Oníbéèrè," ni mo sọ nígbẹ̀yìn.

Ọmọ náà wò mí, ó wá wo ọkọ mi tó dúró sẹ́yìn mi, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan ń ṣe mí.

Ọkọ mi fa àga, ó jókòó. "Kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wí," ó sọ fún un. "Orí ẹ̀ pé. Ó pé paa."