Ogún Pákó Nínú Àpò Tábílẹ́ẹ̀tì

Agogo mẹ́sàn-án ku díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ni ìyá aránṣọ kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ tú síìpù àpò tábílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó bá fa pákó yọ. Wọ́n ti fá a dán, wọ́n sì gé e ṣe wẹ́kú. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò, bóyá á tàn. Kò tàn.

Wọ́n tú ogún àpò, wọ́n rí ogún pákó. Báyìí ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ náà ṣe bọ́ sáyé òde òní.

Tíṣà kọ̀ǹpútà ká ọwọ́ lérí. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó tábílẹ́ẹ̀tì sí ń gbé, òun náà ló ń ka àpò ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Àpò ṣáà pé, kí ló tún kù? Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni olóòótọ́ èèyàn yìí fi ya tábílẹ́ẹ̀tì sójú pátákó, tó ní kí wọ́n máa tẹ afẹ́fẹ́, kí bátìrì lè sinmi de ìdánwò. Bátìrì sinmi dáadáa.

“Àwọn wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́yìn kíláàsì ni,” ó ní. “Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura sí wọn.”

Ìyá aránṣọ kò tiẹ̀ gbọ́. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan tó ń rán yunifọ́ọ̀mù ń bọ̀ wá mú ẹni tó bá yege, torí ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí ni wọ́n fi ń gé aṣọ níbẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń ránṣọ níwájú ilé onílé, nínú òjò, nínú oòrùn. Inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé ẹkún kò wá.

Ọ̀gá káfíńtà ilé ẹ̀kọ́ náà, bàbá kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbé pákó kan sójú fèrèsé, ó fi èékánná wọ́ ọ lára. Ìlà tín-ín-rín kan gùn ún látòkè délẹ̀. Ó mú òmíràn. Ìlà kan náà ló wà níbẹ̀.

“Tíṣà, ìfági mi tí ẹ yá lóṣù tó kọjá ńkọ́?”

“Mo ti dá a padà, bàbá.”

“Lóòótọ́. Ẹnu abẹ rẹ̀ kán, ìlà ló ń fà sára igi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kì í fọwọ́ kàn án. Kí lẹ fi fá?”

“Ilẹ̀kùn ilé mi tó há.”

“Ogún ilẹ̀kùn?”

Tíṣà rántí lójijì pé ó yẹ kí ẹnì kan fẹsẹ̀ rìn lọ pe ọlọ́pàá. Ó gba ẹ̀yìn kíláàsì jáde, ó fò kọjá lórí òkìtì irin, ó bọ́ lọ́wọ́ káfíńtà méjì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di géètì ẹ̀yìn mú. Géètì yẹn gan-an ni àwọn wẹ́dà tó ń fura sí ṣẹ̀ṣẹ̀ jó pọ̀ tán. Wọ́n gbọ́ igbe rẹ̀ dé títì.

Nígbà tí ọlọ́pàábìnrin tí wọ́n fi fóònù pè dé, ọwọ́ tíṣà ti wà nínú korobá omi.

“Ibo ni wọ́n wà?”

“Kí ni?”

“Ṣé kí n gbé korobá yìí kúrò ni?”

“Wọ́n wà ní pálọ̀ mi. Àwọn ọmọ olówó ni mo fi ń kọ́. Mo fẹ́ dá wọn padà.”

“Nígbà wo?”

“Lẹ́yìn ìdánwò.”

Kó tó di ọ̀sán, ọkọ̀ ọlọ́pàá ti kó ogún tábílẹ́ẹ̀tì náà dé. Bátìrì wọn kún, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ìyá aránṣọ fi ìka tẹ tirẹ̀, ó tàn, ẹkún tí kò wá láàárọ̀ wá dé. Ó nu ojú, ó ṣe ìdánwò. Ìka tó ti ń tẹ afẹ́fẹ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì kò ṣì í lọ́nà.

Ní agogo mẹ́ta, ọ̀gá ilé iṣẹ́ wo máàkì rẹ̀, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

“Ìyá, ta ló kọ́ yín tó báyìí?”

“Tíṣà wa ni, sà. Ẹ máa bá a lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, ẹ má ṣáà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.”