Ilé Kan Láàárín Igbó Méjì

Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan ló há sínú àwọ̀n tí Moṣọpẹ́ ta fún ẹyẹ nínú igbó Ayépé. Ó ń jà bí ẹni tí agbọ́n lé.

"Ẹ má mira, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti fẹ́ fa àwọ̀n mi ya."

"Àwọ̀n wo ni kì í hàn sójú?"

"Tó bá hàn, ẹyẹ wo ni yóò kó sí i?"

Bọ́dúnrìn lorúkọ rẹ̀, bàbá rẹ̀ ló sì nigbó. Moṣọpẹ́, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹyẹ ní yunifásítì Ìjagun, ń mí kanlẹ̀ bó ti ń tú okùn kúrò létí ọmọ onígbó. Lọ́jọ́ kejì, Bọ́dúnrìn padà wá, ó ní òun fẹ́ bá a di òpó àwọ̀n mú. Kò mọ̀ ọ́n dì mú. Ó ṣáà ń wá, títí ìfẹ́ fi wọ̀ wọ́n lára.

Nígbà tó ní kí Moṣọpẹ́ fẹ́ òun, kí ó tó dáhùn ni Bàbá ti gbọ́. Inú rẹ̀ dùn kọjá ààlà. Ó ní òun yóò fún wọn nílẹ̀ tí wọn yóò kọ́lé sí: ọ̀wọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó so igbó òkè pọ̀ mọ́ igbó ìsàlẹ̀. Ó ti bá àwọn agégi sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà sú Moṣọpẹ́. "Àwọn ẹyẹ abẹ́ igbó kì í gba ojú gbangba kọjá. Tí wọ́n bá gé igi yẹn, àwọn tìsàlẹ̀ ò ní rí tòkè fẹ́ mọ́. Ẹbí á máa fẹ́ ẹbí títí wọ́n á fi run. Mi ò lè sùn nínú ilé yẹn, Bọ́dún."

"Èmi lò ń fẹ́ ni, àbí ẹyẹ?"

"Ẹyẹ kì í bi mí nírú ìbéèrè yìí."

Bọ́dúnrìn bínú lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ sí ibi tí aládùúgbò wọn ti gé igbó tirẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́. Ẹyẹ kékeré kan ń fò bọ̀ láti igi dé igi. Ó dé etí oko, ó dúró. Òkò ọmọdé lè dé òdìkejì. Ẹyẹ náà wò ó, ó padà. Ó tún wá, ó tún padà.

"Fò kọjá, ìwọ yìí náà," ni Bọ́dúnrìn ń kùn.

Kò fò.

Bọ́dúnrìn mú Moṣọpẹ́ lọ bá Bàbá. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi igi yẹn sílẹ̀. Ẹ fún wa ní ahoro ilé ìyá àgbà l'Ódògbolú."

"Ahoro? Torí ẹyẹ tí kò kún ọwọ́?" Bàbá kọjú sí Moṣọpẹ́. "Ọmọ mi fẹ́ ahoro, ìwọ fẹ́ igi. Ta ló wá fẹ́ bímọ fún mi?"

"Àwa náà ni, Bàbá," ni Moṣọpẹ́ wí lórí ìkúnlẹ̀.

Bọ́dúnrìn yíjú sí i, òun náà dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá pòṣé, ó gbé fóònù, ó pe àwọn agégi.

"Ẹ má lọ s'Áyépé mọ́. Odògbolú ni. Ẹ mú àdá dání, koríko ti bo ògiri."