Ìkòkò Wáìnì Tó Ń Rẹ́rìn-ín

A kò tíì rìn jìnnà sí èbúté Ródọ́sì tí mo fi gbọ́ ẹ̀rín nísàlẹ̀ inú ọkọ̀, níbi tí a to ìkòkò wáìnì sí. Mo rò pé ẹnì kan ló sá pamọ́ síbẹ̀. Mo yọ́ sọ̀ kalẹ̀. Kò séèyàn. Ìkòkò kan ṣoṣo ló ń gbọ̀n jẹ́jẹ́, bí ikùn ẹni tó ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Hermeros, ọ̀gá ọkọ̀ wa, fetí sí i. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ gbé nǹkan yìí jù sókun!"

Vibidia, opó tó ni ẹrù náà, dìde. "Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, òun náà á bá a lọ. Nonius ọkọ mi ló fọwọ́ ara ẹ̀ dí i kó tó kú, fún ìgbéyàwó Nonia ọmọ wa ní Puteoli tí à ń lọ yìí." Ó tẹ́tí díẹ̀. "Ẹ̀rín ẹ̀ rèé. Bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín tó bá ti yó nìyí."

"Ìyá Nonia, òkú kì í rẹ́rìn-ín o," ni Hermeros wí.

"Ẹ ò mọ ọkọ mi ni."

Nígbà tó yá, ẹ̀rù di eré. Bí alásè bá jẹ́ kí ẹ̀wà jóná, ìkòkò á rín in, àwa náà á bá a rín in. Hermeros fúnra rẹ̀ a máa lọ pa á lẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oòrùn ràn, afẹ́fẹ́ tutù, ẹ̀rín náà kàn dá wáí. Vibidia rọra sọ̀rọ̀, "Nonius kì í dákẹ́ àfi tí ẹ̀rù bá bà á. Ẹ ká ìgbòkun."

Hermeros wo ojú ọ̀run tó mọ́ kedere. Ó wo obìnrin náà. "Ẹ ká a!"

A kò tíì so okùn tán tí ìjì fi dé. Òpó ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ níwájú wa kán lójú wa. Tiwa fì, ó fì, ó dúró. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ní Puteoli, gbogbo àwa atukọ̀ ló lọ. Ìdérí ìkòkò ṣì lẹ̀ pinpin. Hermeros ṣí i, ó dà á sí ife ìyàwó. Ẹ̀kán kan kò jáde. Inú rẹ̀ gbẹ táútáú.

"Ọ̀mùtí!" ni Vibidia kígbe. "Ó ti mu ún tán!"

Ẹ̀rín sọ lágbàlá. A di ìhà wa mú. Nígbà tí gbogbo wa wá dákẹ́, ẹnì kan ṣì ń rẹ́rìn-ín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó, níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí.

Nonia kò pariwo. Ó kàn sún díẹ̀ lórí ìjókòó, kí bàbá rẹ̀ lè ráyè.