Òdòdó tí Káfíńtà Ń Rà

Ọjọ́ tí káfíńtà náà kọ́kọ́ wọ ẹ̀yìnkùlé Olódòdó ni ara ti fu obìnrin náà. Lúbúlúbú igi kún irun orí ọkùnrin yìí, ó dúró láàárín àwọn ọ̀gbìn inú ọ̀rá dúdú bí ẹni tó ṣìnà. Ó ní òdòdó lòun fẹ́ rà. Olódòdó bi í pé irú èwo. Ó ní èyí tí kì í tètè kú.

Iṣẹ́ Olódòdó ni kó máa tọ́jú ọgbà àwọn onílé, ó sì ń gbin òdòdó tà lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ewé bá ń pọ́n, gbòǹgbò lèèyàn ń wò. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń wo èèyàn. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ìṣáájú ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n: ó fi ìfẹ́ bojú títí ó fi kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó gé ẹ̀ka gbogbo òdòdó tó dára lọ, ó sì ṣí ọgbà tiẹ̀ sí òpópónà kejì. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Káfíńtà ń padà wá ṣáá. Á ra òdòdó kan, á jókòó, á máa béèrè ohun tó fà á tí èyí fi ń sá oòrùn, àti kòkòrò tó ń jẹ ewé tọ̀hún. Nígbà tó rí i pé bẹ́ǹṣì tí Olódòdó ń to ọ̀gbìn sí ti ń yẹ̀, ó tún un ṣe. Ọkàn Olódòdó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí i, ìyẹn gan-an ló wá ń bà á lẹ́rù.

Ìyá rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ rárá. Ó ní ọkùnrin tó ń ra òdòdó tó tó báyìí, tó tún ń béèrè bí wọ́n ṣe ń gbìn ín, nǹkan kan ló ń wá.

“Ọmọ mi, ẹnu ọ̀nà yìí náà ni olè àkọ́kọ́ gbà wọlé.”

Lọ́jọ́ kan, Olódòdó dẹ ẹ́ wò. Ó bi í bóyá òdòdó pupa tó rà ti tanná. Káfíńtà ní ó ti tanná, pé pupa rẹ̀ ń dán yinrinyinrin. Bẹ́ẹ̀, funfun ni gbogbo èyí tó rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Olódòdó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ bàjẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó gba ilé ọkùnrin náà lọ láìsọ fún un. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi bo gbogbo àgbàlá láti ògiri dé ògiri. Pákó wà níbẹ̀, àga tí kò tíì lẹ́sẹ̀ wà níbẹ̀; ewé kan ṣoṣo ò sí.

“Níbo làwọn òdòdó mi wà?”

Ayùn bọ́ lọ́wọ́ Káfíńtà. Ó nàka sí ilé kejì. Olódòdó yọjú lórí ògiri, ó rí màmá àgbà kan tó ń bomi rin òdòdó funfun. Màmá náà ní káfíńtà ló ń pín wọn kiri àdúgbò, torí kò nílẹ̀ tó máa gbìn wọ́n sí, kò sì yé rà wọ́n.

“Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi ṣe àwáwí wá sọ́dọ̀ rẹ,” ni Káfíńtà wí.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Olódòdó. Kò dùn mọ́ ọn.

“O wò mí lójú, o purọ́. Ẹni tó lè parọ́ òdòdó, kí ni kò ní parọ́ ẹ̀?” Ó bá tiẹ̀ lọ.

Ó ṣe díẹ̀, Káfíńtà lọ bá ìyá Olódòdó, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pa mọ́. Ìyá fi ìbéèrè dà á láàmú bí ọlọ́pàá. Síbẹ̀, kò gbà á gbọ́, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ wo ilé náà. Nígbà tó padà délé, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ọkùnrin náà ti fọ́ sìmẹ́ńtì àgbàlá rẹ̀ dànù.

“Ara ṣì ń fu mí,” ó ní, “ṣùgbọ́n lọ wò ó.”

Olódòdó lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka ro ilẹ̀ náà. Ó le bí òkúta, kò sí ekòló kan níbẹ̀.

“Ilẹ̀ yìí ti kú. Kò lè hu nǹkan kan lọ́dún yìí.”

“Màá dúró dè é,” ni Káfíńtà wí.

“Má ṣèlérí fún mi. Òótọ́ kan ṣoṣo ni kó o sọ, kó má sì dùn.”

Káfíńtà nu òógùn ojú rẹ̀.

“Òdòdó ò fi bẹ́ẹ̀ wù mí. Ńṣe ni wọ́n ń mú mi sín.”

Olódòdó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, inú àgbàlá náà ni wọ́n ti ṣègbéyàwó. Iwájú pátápátá ni ìyá ìyàwó jókòó sí, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára ọkọ ìyàwó títí ilẹ̀ fi ṣú.