Télọ̀ Tí Ó Kọ́ Pátákó Lẹ́tà Sórí

Ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n fi ìtàn ìfẹ́ kan tù yín lára. Ojú ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ojú náà ni ó sì fẹ́ bà á jẹ́.

Òwú kó sí télọ̀ kan lójú, ó bá sáré lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Nọ́ọ̀sì kan fi omi ṣan án. Bí ó ti la ojú, nọ́ọ̀sì yẹn ni ó kọ́kọ́ rí.

"Ṣé ẹ ti ń ríran dáadáa?"

"Mi ò rí irú ẹ̀ rí," ni télọ̀ wí, kò sì wo ibòmíràn.

Láti ọjọ́ náà, àìsàn ojú kò tán lára rẹ̀ mọ́. Lónìí ó ń yún un, lọ́la ó ń ta á. Bí ó bá ti dé, nọ́ọ̀sì á ní kí ó ka pátákó lẹ́tà ara ògiri. Ó kà á títí ó fi mọ̀ ọ́n bí orúkọ ara rẹ̀.

"Alábẹ́rẹ́ ni mí, alábẹ́rẹ́ ni ẹ́," ni télọ̀ fi ń dá a lára yá. "Ta ni yóò gún ta?"

"O ti gún mi ná, olólùfẹ́ mi," ni nọ́ọ̀sì máa ń fèsì.

Àṣé ojú òsì télọ̀ ti ń ṣókùnkùn ní tòótọ́. Ẹ̀rù bà á. Ta ni yóò fi ọmọ fún télọ̀ tí kò ríran? Ó panu mọ́, pátákó sì ń bá a bo àṣírí.

Ní ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì bo ojú ọ̀tún rẹ̀. "Ó yá, kà á." Télọ̀ kà á wìtìwìtì.

Nọ́ọ̀sì wo pátákó, ó tún wo télọ̀.

"Mo ti yí pátákó padà láàárọ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Kò sí ìkankan níbẹ̀ nínú ohun tí o kà. Ìka mélòó nìyí?"

"Ìka wo?"

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún.

Dókítà ní agbára omi inú ẹyinjú ti pọ̀ jù, ó ń ba iṣan ìríran jẹ́. Èyí tí ó ti lọ kò ní padà, ṣùgbọ́n oògùn kíkán láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ lè dá ìyókù dúró, bí kò bá fo ọjọ́ kan.

Nígbà tí ìyá nọ́ọ̀sì gbọ́, ó kọ̀ jálẹ̀ pé ọmọ òun kò ní fẹ́ télọ̀. "Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í ti òwúrọ̀ ṣepin. Ṣé ọ̀pá afọ́jú ni mo bí ni?"

Télọ̀ fúnra rẹ̀ lọ bá a. Kò fi ohunkóhun pamọ́. "Ìtìjú ló mú mi purọ́, Màmá. Ẹ forí jì mí."

"Ká ohun tó wà lára pátákó ọ̀hún lórí fún mi."

Télọ̀ ká a láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún ká a láti ìsàlẹ̀ padà sókè. Màmá fẹ́ bínú, ẹ̀rín kò jẹ́.

"Ẹni tó rántí gbogbo rádaràda yìí nítorí ọmọ mi, kò gbọdọ̀ sọ fún mi pé òun gbàgbé oògùn. Mo fún ẹ ní ọdún kan."

Ọdún kan pé. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ìríran tí ó kù kò dín. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, láàárín ijó, ìyàwó yọ ìgò kékeré kan nínú àpamọ́wọ́.

"Gbójú sókè, Alábẹ́rẹ́ mi."

Ó sì gbójú sókè.

Ìyá ìyàwó ni ó sọ ìtàn yìí fún ìyá mi lórí bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn ojú. Ìyá mi sọ ọ́ fún mi, bí mo ti ń kán oògùn sójú tirẹ̀.